Iṣu mi lábẹ́ kajú ta ìtàkùn, kò ta iṣu

Arábìnrin Oníṣu, Ògìdì

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ìmúra oko. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti wa iṣu èṣí tán.

Bàbá mi fi oko kajú sílẹ̀ fún mi. Àwọn igi náà ti dàgbà, ẹ̀ka wọn ti wọnú ara wọn débi pé tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, èèyàn lè dúró sábẹ́ wọn fún ìgbà díẹ̀ kó má tutù. Nígbà tí mo ti Kàdúná padà wálé, ó ń ṣe mí bíi pé ilẹ̀ abẹ́ igi yẹn ń ṣòfò. Mo kọ ebè 80 síbẹ̀. Mo tún kọ 40 sísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, níbi tí kò sí igi kankan. Irú iṣu kan náà ni, inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo sì gbìn wọ́n.

Ti abẹ́ kajú ni mo kẹ́ jù. Mo da ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo tún ra fatiláísà. Ìtàkùn rẹ̀ gùn, ó ń gun ẹ̀ka kajú lọ sókè, inú mi sì ń dùn. Ìgbà tí mo wa á, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn ju ọwọ́ mi lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ti ẹ̀bá odò tí mi ò fún ní nǹkan kan, ọwọ́ méjì ni mo fi ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan ní kí n lọ wádìí ẹni tó ń ṣe mí. Ẹlòmíràn ní ilẹ̀ náà ti kú. Àkókò ebè ti tún dé báyìí. Ṣé kí n fi kún ajílẹ̀ ni, àbí kí ni kí n ṣe?

Bàbá Kajú, Ìyàmoyè

Okun, ọmọ mi. Má wá ẹni tó ń ṣe ọ́. Kajú fúnra rẹ̀ ni. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa fẹ̀ káàkiri, omi àti ọ̀rá tó bá wà nílẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ mu ún. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe kajú, mi ò rí i kí iṣu ṣe dáadáa lábẹ́ rẹ̀ rí. Fi kún ajílẹ̀, kí o sì gbé ebè jìnnà sí ìdí igi.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Kábà

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa gbòǹgbò, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí arábìnrin wa tó tún náwó sí ajílẹ̀, mo fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́ta. Ìtàkùn abẹ́ kajú yẹn, báwo ni àlàfo tó wà láàárín ewé kan sí èkejì ṣe rí, tí ẹ bá fi wé ti ẹ̀bá odò? Ewé rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó nípọn? Tí ẹ bá na ọwọ́ lábẹ́ igi yẹn láago 12 ọ̀sán, ṣé òjìji ọwọ́ yín máa hàn nílẹ̀?

Arábìnrin Oníṣu, Ògìdì

Tíṣà, ẹ ṣeun. Àlàfo rẹ̀ jìnnà síra, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹ̀bá odò. Ewé rẹ̀ fẹ̀ ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, kò sì dúdú bí ewé iṣu ṣe máa ń dúdú. Mo lọ na ọwọ́ síbẹ̀ lónìí bí ẹ ṣe wí. Òjìji kankan ò hàn. Ẹ̀ka ti bo gbogbo rẹ̀, àfi ojú oòrùn kéékèèké tó ń ṣẹ́jú nílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Kábà

Ebi ló pa iṣu yín. Kò sí ẹni tó ṣe yín, ilẹ̀ yín kò sì kú. Ebi oòrùn ni.

Mo fẹ́ sọ eléyìí kó pẹ́ díẹ̀, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa. A máa ń pe ajílẹ̀ ní oúnjẹ irúgbìn. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Irúgbìn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oúnjẹ tó ń jẹ, inú ewé ló sì ti ń ṣe é. Ó nílò omi tí gbòǹgbò bá fà wá láti inú ilẹ̀, ó nílò afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Iṣẹ́ yìí làwọn onímọ̀ ń pè ní photosynthesis.

Ẹ yí ewé kan padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ihò wà níbẹ̀ tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń ṣí, wọ́n sì ń padé. Ibẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni omi ń gbà fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ tí mo ń sọ yìí kò pọ̀ rárá: ká ní a pín gbogbo afẹ́fẹ́ tó yí wa ká sí ọ̀nà 10,000, nǹkan bí ọ̀nà 4 péré ni tirẹ̀. Láti inú ìba díẹ̀ yẹn ni kábọ́ọ̀nù tó wà nínú gbogbo kajú, gbogbo iṣu, gbogbo pákó òrùlé wa ti wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, ó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Èròjà aláwọ̀ ewé tó wà nínú ewé, chlorophyll lorúkọ rẹ̀, òun ló ń mú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ nínú, bí òṣùmàrè ṣe máa ń tú u han wá. Èyí tó pupa àti èyí tó jẹ́ búlúù ni chlorophyll ń mu jù. Àwọ̀ ewé ni kò fi bẹ́ẹ̀ mu, ó ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà, òun lojú wa sì ń rí. Agbára tó bá rí mú nínú oòrùn ló fi ń fọ́ omi sí wẹ́wẹ́. Ọ́síjìn inú omi náà á jáde sínú afẹ́fẹ́, èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí sínú. Háídírójìn tó ṣẹ́kù, ewé á so ó mọ́ kábọ́ọ̀nù tó gbà wọlé, á sì di ṣúgà. Tí àwọn ọmọ yín bá kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì 6 àti omi 6 ló di gúlúkóòsì 1 àti ọ́síjìn 6.

Ṣúgà yẹn gan-an ni oúnjẹ. Ewé á jẹ nínú rẹ̀, á fi díẹ̀ ṣe ewé tuntun, á fi díẹ̀ ṣe ìtàkùn àti gbòǹgbò. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń gba inú ìtàkùn sọ̀kalẹ̀ wọ inú ebè, ibẹ̀ ló sì ti ń di sítáàṣì. Òun la ń gún níyán. Òkè ló ti ń sọ̀kalẹ̀ wá. Tí kò bá sí oòrùn lókè, kò ní sí ohun tó máa sọ̀kalẹ̀.

Bàbá Kajú, Ìyàmoyè

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín. Ṣùgbọ́n pé irúgbìn kì í jẹ ilẹ̀, ó ṣòro fún mi láti gbà. Oko tí a bá dá lẹ́ẹ̀mẹta láìṣíwọ́, kì í so bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Kí ló jẹ ilẹ̀ náà? Tí ajílẹ̀ kì í bá sì í ṣe oúnjẹ, kí ló dé tó fi ń ṣiṣẹ́?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Kábà

Ìbéèrè àgbà ni, Bàbá, kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi í. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jan Baptista van Helmont, ará ìlú Brussels ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Ó wọn ilẹ̀ gbígbẹ tó jẹ́ pọ́n-ùn 200, ó dà á sínú ìkòkò ńlá, ó gbin igi kékeré kan tó wọn pọ́n-ùn 5 sínú rẹ̀. Fún ọdún 5, omi nìkan ló ń bu sí i. Lẹ́yìn náà ó fa igi náà tu, ó tún un wọ̀n: pọ́n-ùn 169 àti díẹ̀. Ó sá ilẹ̀ inú ìkòkò náà gbẹ, ó wọn òun náà. Ohun tó dín nínú pọ́n-ùn 200 kò ju áńsì 2 lọ, ìyẹn bí iyọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde, ní 1648.

Van Helmont rò pé omi nìkan ló di igi. Kò ro ti afẹ́fẹ́. Ó tó 1779 kí oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Jan Ingenhousz tó fi hàn pé apá ibi tó ní àwọ̀ ewé lára igi ló ń tú afẹ́fẹ́ rere, ìyẹn ọ́síjìn, jáde, àti pé inú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ti ń ṣe é. Àmọ́ ẹ wo áńsì 2 yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín wà. Díẹ̀ ni irúgbìn ń mú nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ṣe kókó. Chlorophyll kò ṣeé ṣe láìsí náítírójìn àti mànẹ́síọ̀mù, ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wá. Ìkórè ọdọọdún ń kó wọn lọ, òjò ń fọ̀ wọ́n lọ, ìdí tí oko yín fi ń rẹ̀ nìyẹn. Ajílẹ̀ ń dá wọn padà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ajílẹ̀ ń ra ẹ̀rọ ìlọta, oòrùn sì ni epo dísù rẹ̀. Ẹni tí kò ní dísù, tó wá lọ ra ẹ̀rọ kejì, kò lè lọ ata kankan síbẹ̀. Owó tí arábìnrin wa ná sórí fatiláísà dùn mí nítorí èyí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ní àìtó lóòótọ́, ewé á sọ fún yín. Tí ewé ìsàlẹ̀, àwọn tó dàgbà jù, bá pọ́n látòkèdélẹ̀, náítírójìn ló máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ àárín iṣan ewé ló pọ́n, tí iṣan fúnra rẹ̀ ṣì tutù, ẹ fura sí mànẹ́síọ̀mù. Tí ewé bá wá fẹ́lẹ́, tí ìtàkùn gùn gbọọrọ, tí àlàfo jìnnà síra, bí arábìnrin ṣe ròyìn rẹ̀, òùngbẹ ìmọ́lẹ̀ ni.

Ọmọ Ìsánlú l'Ékòó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ọdún méjì àkọ́kọ́ tí mo dé Èkó, owó oṣù mi kò ju owó ilé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ. Àárọ̀ dalẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí mi lọ́nà á ní ara mi le. Ṣùgbọ́n mi ò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sílé, màmá mi sì ń rò pé mo ti gbàgbé wọn.

Ewé abẹ́ igi rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ìba oòrùn tó ń rí, ó fi ń ṣe ṣúgà díẹ̀, àmọ́ ṣúgà náà kò ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ lọ. Kí ló máa rí fi ránṣẹ́ sínú ebè? Ìtàkùn gígùn tí inú arábìnrin wa ń dùn sí, owó ọkọ̀ ni: gbogbo ohun tó ní ló fi ń rìn káàkiri wá ibi tí oòrùn wà.

Arábìnrin Oníṣu, Ògìdì

Ẹ̀yin ọmọ Ìsánlú, ọ̀rọ̀ yín pa mí lẹ́kún. Mo ti wá rí i wàyí. Bí ìtàkùn ṣe ń gun orí kajú tí mò ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀ mí ni. Kí ni kí n ṣe báyìí? Mi ò lè gé igi bàbá mi tán.

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò

Kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ gé wọn tán, àǹtí mi. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ka oòrùn. Ẹ yan ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, kí ẹ kan èèkàn mẹ́rin tàbí márùn-ún káàkiri oko. Láti aago 7 àárọ̀ dé aago 6 ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan lọ wo èyí tí oòrùn kàn nínú wọn, kó sì sàmì sí ìwé. Ibi tí oòrùn kò bá kàn tó wákàtí 6, ẹ má gbin iṣu síbẹ̀, ẹ má gbin àgbàdo, ẹ má gbin ẹ̀gúsí. Ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ yìí, kò gba kọ́bọ̀, ó sì sàn ju kí èèyàn máa méfò lọ fún oṣù mẹ́jọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àlàfo igi kajú yín. Àwọn bàbá wa gbìn wọ́n súnmọ́ra nítorí wọ́n kéré nígbà náà. Kajú tó bá dàgbà ń fẹ́ nǹkan bíi mítà 9 sí 10 láàárín ara wọn. Mo lọ káàkiri oko tèmi nígbà ìkórè, mo fi ẹfun sàmì sí ìdí àwọn igi tí kò so dáadáa, àwọn yẹn ni mo gé. Àwọn tó kù, mo rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn àti àwọn ẹ̀ka tó ti gbẹ. Ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbin mélòó kan nínú wọn. Mi ò kábàámọ̀.

Ẹ má gé e nígbà tó bá ń yọ òdòdó. Ẹ jẹ́ kí ẹ ṣa kajú tán, láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, kí igi rí àkókò láti yọ ẹ̀ka tuntun kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Bàbá Ìyàmoyè máa jẹ́rìí mi: níbo ni kajú ti ń so lára igi?

Bàbá Kajú, Ìyàmoyè

Ẹ̀gbẹ́ ìta àti orí rẹ̀ ni. Inú lọ́hùn-ún kì í so. Ibi tí igi méjì bá ti fẹnu kora, kò sí kajú níbẹ̀.

Mo ti mọ èyí tipẹ́, mi ò bi ara mi pé kí ló fà á. Òdòdó ń yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka tí oòrùn kàn. Tíṣà, mo gbà.

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò

A dúpẹ́, Bàbá. Nítorí náà kì í ṣe iṣu nìkan ni gígé yẹn ń ṣe lóore, àwọn kajú tó kù náà á so ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ìbòòji ṣì wà, ẹ má fi sílẹ̀ lófo. Kókò ń fara da ìbòòji. Atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa náà ń fara dà á. Irú kọfí tí wọ́n mọ̀ mọ́ Kábà, abẹ́ igi ńlá nínú igbó ló ti wá, ìbòòji díẹ̀ kò bà á nínú jẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin kajú ní tirẹ̀, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àkókò iṣu láàárín wọn, kí orí igi tó padé.

Fún iṣu tó wà ní gbangba, ẹ ri ọ̀pá tó ga fún un kí ewé lè tò láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìtàkùn tó bá sùn sílẹ̀, ewé á gun orí ewé, àwọn ti òkè nìkan ló máa rí oòrùn. Ẹ tètè ro oko, nítorí èpò tó ga ju ìtàkùn lọ, ìbòòji lòun náà. Ẹ lé ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tó jẹ ewé iṣu ti jẹ iṣu fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: nígbà tí òjò bá dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn pọ̀ rẹpẹtẹ, iṣu kò sì dàgbà. Mo rò pé ooru ló ń ṣe é. Ṣé Tíṣà lè bá wa dá sí i?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Kábà

Àwọn ihò ẹ̀yìn ewé ni. Tí omi bá wọ́n nílẹ̀, irúgbìn á pa wọ́n dé kí omi ara rẹ̀ má bàa tán. Tí wọ́n bá ti padé, kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì kò lè wọlé mọ́, iṣẹ́ á dín kù bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn gbòò. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí ẹ fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ pẹ́ kó tó tán. Àwọn àgbà ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́ fún irúgbìn tí a bá tètè gbìn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ déédéé.

Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ní ọgbọ́n kan tí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kajú kò ní. Wọ́n kọ́kọ́ ń kó kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì jọ síbì kan nínú ewé kí wọ́n tó fi ṣe ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí oòrùn gbígbóná kì í fi í sú wọn, tí ìbòòji sì ń yọ wọ́n lẹ́nu gan-an. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní tirẹ̀ ń ṣí ihò ewé rẹ̀ lóru, nígbà tí ilẹ̀ tutù, ó ń kó afẹ́fẹ́ náà pamọ́ de oòrùn ọjọ́ kejì.

Ìyá Gbúre, Ẹ̀gbẹ̀

Mo ń ka gbogbo yín bọ̀, ẹ kú ìmọ̀ràn. Èmi ò ní oko ńlá, gbúre àti ṣọkọ ni mò ń gbìn sẹ́yìn ilé. Ọmọ mi ti ilé ìwé dé, ó ní tí ilẹ̀ bá ti ṣú, igi ń tú afẹ́fẹ́ burúkú jáde, pé kí a má tún sùn lábẹ́ máńgòrò ojúde mọ́ nígbà ooru. Ibẹ̀ la ń tẹ́ ẹní sí láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ṣé òótọ́ ni, Tíṣà?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Kábà

Màmá, ẹ máa tẹ́ ẹní yín. Apá kan ọ̀rọ̀ ọmọ náà jẹ́ òótọ́. Igi ń mí bíi tiwa, tọ̀sán-tòru, ó ń lo ọ́síjìn, ó ń tú kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì jáde. Lọ́sàn-án, ọ́síjìn tó ń ṣe pọ̀ ju èyí tó ń lò lọ. Lóru kò sí ìmọ́lẹ̀, mímí nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, ìta gbangba sì lẹ wà, kò lè kó jọ débi tó máa pa ẹnikẹ́ni lára. Àwa náà tí a sùn pọ̀ lórí ẹní kan, afẹ́fẹ́ kan náà la ń tú jáde sára ara wa. Ẹ̀fọn ni kí ẹ bẹ̀rù, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì.

Ti gbúre yín: tó bá wà lẹ́yìn ilé níbi tí ògiri ti bò ó, ẹ ka oòrùn tiẹ̀ náà. Tí ẹ bá sì ń já a, ẹ má já gbogbo ewé tán lójú kan. Ewé tó kù ló máa ṣe oúnjẹ tí òmíràn á fi yọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Mọ̀pà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe lè rí i pẹ̀lú ojú wa. A mú bébà dúdú, a fi di apá kan ewé ẹ̀wà tó wà nínú oòrùn, iwájú àti ẹ̀yìn ewé náà, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì a já a, a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, a wá rẹ ẹ́ sínú sípírítì títí àwọ̀ rẹ̀ fi jáde tó di funfun. A fi omi ṣàn án, a kán ayodíìnì sí i. Ibi tí oòrùn kàn di dúdú bí aró, nítorí sítáàṣì wà níbẹ̀. Ibi tí bébà bò kò yí padà, àwọ̀ ayodíìnì lásán ló wà lára rẹ̀. Mo pa ìlà bébà náà mọ́ sínú ìwé mi.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì, Kábà

O ṣeun, ọmọ mi, o sọ ọ́ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, kí àgbàlagbà wà níbẹ̀, kí ẹ má sì gbé sípírítì sórí iná rárá. Ó ń tètè gbaná. Ẹ pa iná náà tán, ẹ gbé ife sípírítì sínú abọ́ omi gbígbóná, ooru omi náà tó.

Arábìnrin Oníṣu, Ògìdì

Okun o, gbogbo ilé. Oṣù kẹjọ ti dé, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ka oòrùn bí Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀ ṣe wí. Abẹ́ kajú kò rí ju wákàtí 2 lọ níbi púpọ̀. Lẹ́yìn tí a ṣa kajú tán, mo gé igi 7 nínú 31. Ọjọ́ tí a gé èkíní, mo lọ jókòó sẹ́bàá odò títí wọ́n fi parí. Kókò àti atalẹ̀ ló wà lábẹ́ àwọn tó kù. Gbogbo iṣu ni mo gbé lọ sí gbangba lóṣù kẹta, 60 péré, kò tó ti èṣí. Mo ri ọ̀pá fún un, mo bo ebè lórí. Owó fatiláísà tí mi ò ná ni mo fi san owó agé-igi.

Àwọn aládùúgbò ti ń wa iṣu tuntun tà, owó rẹ̀ sì dára báyìí. Mo ti gbẹ́ ìdí ebè kan wò. Iṣu wà níbẹ̀, ó nípọn, mi ò tíì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé kí n wa díẹ̀ tà?

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò

Ẹ kú oríire, àǹtí mi. Báwo ni ewé rẹ̀ ṣe rí?

Arábìnrin Oníṣu, Ògìdì

Ó dúdú minimini. Ẹyọ kan kò tíì pọ́n.

Àgbẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀, Ayétòrò

Ó ṣì ń fi ránṣẹ́ nìyẹn. Ẹ dúró di ìgbà tí ewé bá fúnra rẹ̀ gbẹ. Tí owó bá há, ẹ wa ìba díẹ̀, kí ẹ gé iṣu nìkan, kí ẹ fi orí rẹ̀ àti ìtàkùn sílẹ̀ nínú ebè láìfọwọ́ kan gbòǹgbò, ó máa ta irú tí ẹ máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Arábìnrin Oníṣu, Ògìdì

Owó kò há tó bẹ́ẹ̀. Mo ti da ilẹ̀ bo ìdí ebè tí mo gbẹ́ yẹn padà.